Ẹsẹ̀ Tuntun fún Ìjàpá Bàbá Àgbà

A ti kọjá Ọ̀bàǹtokò, a kò sì tí ì dé Òdèdá, nígbà tí sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ bàbá mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀nà ni kò dán. Ṣùgbọ́n títì dán ní ibi tí a wà yẹn, gbígbọ̀n náà sì ń le sí i títí tí gbogbo iwájú ọkọ̀ fi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Màmá mi, tí wọ́n jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn di ẹ̀yìn àga mi mú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, wọn kò tẹ ìjánu lójijì, wọ́n jẹ́ kí eré ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rọlẹ̀ títí a fi bọ́ sí etí títì. Ọkọ̀ akẹ́rù náà kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ sì mi wá jìgìjìgì.

Nígbà tí ọkàn wa balẹ̀, bàbá mi fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Wọ́n fi ọwọ́ kan di òkè táyà ọ̀tún mú, wọ́n fi èkejì di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n sì mì ín. Táyà náà mì bí eyín ọmọ ọdún méje tí ó fẹ́ yọ. Wọ́n mi ti òsì pẹ̀lú. Bákan náà ni. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n wo ojú ọ̀nà, wọ́n sì sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a wá ọkọ̀ mìíràn wọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Èyí kò ní gbé ẹnikẹ́ni mọ́ títí n ó fi mọ ohun tí ó ń ṣe é."

Oṣù Kejì ọdún 2024 ni èyí ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn tí ó gba gbogbo ilé wa kan fún oṣù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀: ṣé kí a tún ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà ṣe bí ó ti wà láti ilẹ̀, kí a fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ mìíràn tí ó jẹ́ ti ìgbà tuntun rọ́pò rẹ̀, tàbí kí a tà á fún àwọn tí ń ra irin?

Bí Ìjàpá ṣe di ará ilé wa

Volkswagen ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ìjàpá nítorí igbá tí ó gbé sẹ́yìn. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é ní ọdún 1964. Bàbá àgbà mi, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, rà á ní àlòkù ní ọdún 1973 ní Kútọnu, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Dahomey. Ìdí tí wọ́n fi lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi wíwakọ̀ ní apá òsì títì sílẹ̀, tí ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ó wà nílé nígbà náà ni sítíárìn wọn wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bàbá àgbà kò fẹ́ irú rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa yìí, apá ọ̀tún títì ni wọ́n ti ń wakọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọwọ́ òsì sì ni sítíárìn ọkọ̀ wọn wà.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ojú ọ̀nà Badagry ní Èkó, Ìjàpá tuntun sì kún ìgboro. Bàbá àgbà kò yí tiwọn padà. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí ó ní ìyàwó nílé kì í ya ọ̀nà ìta wo. Ní gbogbo ayé, Ìjàpá tí a ṣe lé ní mílíọ̀nù 21 kí ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Puebla ní Mẹ́síkò tó ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní ọdún 2003. Fún ilé wa, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà. Òun ni ó gbé bàbá mi lọ sí ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, òun ni ó gbé èmi àti màmá mi kúrò ní ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n bí mi.

Bàbá àgbà dágbére fún ayé ní ọdún 2009. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ náà kì í jáde ju ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ ayẹyẹ lọ. A máa ń fọ̀ ọ́, a máa ń kùn ún, a máa ń yà á ní fọ́tò. Àṣìṣe wa nìyẹn, bí ẹ ó ṣe rí i níwájú.

Oríkèé tí ebi pa

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí a gbé ọkọ̀ náà lọ bá jẹ́ àgbàlagbà tí ó ti ń tún Ìjàpá ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20, ó jáde, ó ní kí èmi náà wọlé wá wò ó. "Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé kọ," ó ní, "ẹ wá wo ohun tí ẹ ó kọ."

Iwájú Ìjàpá kò ní sípíríǹgì tí ó wé bí ejò. Páìpù irin méjì ni ó dùbúlẹ̀ ní ìbú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Inú páìpù kọ̀ọ̀kan ni àwọn irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ wà, tí a kó jọ bí ìdì ọwọ̀. A de àárín ìdì náà mọ́ inú páìpù kí ó má lè yí. Ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì ni àwọn apá irin tí ó gbé táyà dání wà. Nígbà tí táyà bá gun gegele, ó ń lọ́ ìdì irin náà bí ẹni ń fún aṣọ. Bí táyà bá sì ti kọjá, ìdì náà á tú ara rẹ̀ padà. Ferdinand Porsche àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ni wọ́n gbé irú ẹsẹ̀ yìí kalẹ̀, kò sì yí padà nínú Ìjàpá àtijọ́ àti èyí tí ó tẹ̀lé e. Ohun tí ó yí padà ni oríkèé tí ó so apá náà mọ́ táyà.

Nínú ọkọ̀ ọdún 1964, irin gbọọrọ kan tí ó dúró lóòró, tí wọ́n ń pè ní kíńgípíìnì, ni táyà ń yí lé lórí nígbà tí a bá ń darí ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlẹ̀kùn ṣe ń yí lórí àgbékọ́ rẹ̀. Àwọn irin kéékèèké mìíràn tí ó dùbúlẹ̀ ni ó so ó mọ́ apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ kí táyà lè máa lọ sókè sódò. Iṣẹ́ méjì, irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, búùṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo wọn ni ó sì ń fẹ́ gíríìsì lóòrèkóòrè.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1965, fún àwọn ọkọ̀ tí a pè ní ti ọdún 1966, Volkswagen fi kíńgípíìnì sílẹ̀. Wọ́n fi bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì rọ́pò rẹ̀: irin tí orí rẹ̀ rí roboto, tí ó ń yí nínú ihò gẹ́gẹ́ bí orí egungun itan ṣe ń yí nínú ihò ìbàdí. Ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, rọ́bà sì bo ó kí eruku má baà wọ inú rẹ̀. Oríkèé kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì: ó ń yí sọ́tùn-ún sósì, ó sì ń lọ sókè sódò. Ó fúyẹ́, ọkọ̀ sì rọrùn láti darí. Bí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín pé ohun tí ó dé ní ọdún 1965 ni mo ń pè ní ti ìgbà tuntun, ẹ rántí pé Ìjàpá ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìrìn tirẹ̀ kò yá.

"Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ àtijọ́ burú o," Ọ̀gá wí. "Ó lágbára, àwọn tí ń fi Ìjàpá sáré nínú iyanrìn àti lórí òkè ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gíríìsì ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ fi ebi pa á."

Ó fi ìka rẹ̀ tọ́ka: kíńgípíìnì méjèèjì ti jẹ búùṣì wọn tán. Èyí kò burú jù, nítorí a lè pààrọ̀ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ fi irin pàtàkì kan fẹ ihò búùṣì tuntun dé ìwọ̀n kí ó tó lè gba irin náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí àwọn apá náà ti ń yí nínú páìpù ti jẹ pẹ̀lú, páìpù ìsàlẹ̀ sì ti dípẹtà dé ibi pé sípánà wọ inú rẹ̀ bí ìka tí ń wọ inú ẹ̀kọ. Ó ní òun ti rí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àlòkù ní Ládípọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà kò sàn ju tiwa lọ. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a wá ẹsẹ̀ oní-bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì.

"Ọkọ̀ ta ni yóò kù?"

Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Aránṣọ ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹsẹ̀ tuntun kò ní wọlé láìjẹ́ pé a gé imú ṣásí, wọ́n sì béèrè pé, "Bí ẹ bá gé imú ọkọ̀ bàbá mi, tí ẹ sì fi ti òkú ọkọ̀ mìíràn sí i, ọkọ̀ ta ni yóò kù?"

Mo gbè sẹ́yìn wọn. Ìmọ̀ èdè àti àṣà Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì. Láti ìgbà tí mo ti gboyè jáde, kí ohun àtijọ́ má parun ni iṣẹ́ òòjọ́ mi. Báwo ni n ó ṣe wá fi ọwọ́ ara mi ti ayùn bọ ohun ìní bàbá àgbà mi? Mo sọ pé kí a gbé ọkọ̀ náà sí abẹ́ òrùlé, kí a má wà á mọ́, kí a sì máa wò ó.

Màmá mi ni ó dá wa lóhùn láti inú ilé ìdáná. "Ẹ máa wò ó? Ṣé àwòrán ni? Mo wà nínú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ sí. Ọmọ mi wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi rìn, ẹ tún un ṣe kí ó má pa wá. Bí ẹ kò bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ tà á. Ẹ má fi òkú sílẹ̀ ní ojúde mi kí ẹ máa pè é ní bàbá."

Kò sí ẹni tí ó fèsì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń wá ìwé ọkọ̀ nínú àpótí bàbá àgbà, mo sì rí ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí Ìjàpá láti ọdún 1973 ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye máìlì tí ọkọ̀ ti rìn. Àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọn kò bá àtúnṣe ọdún 1974 lọ rárá. Títí dé òpin ayé wọn, "aiye" àti "enia" ni wọ́n ń kọ. Gbólóhùn kan náà ni ó ń padà wá bí orin: "Mo fi girisi si ẹsẹ iwaju loni." Mo ka ìgbà 60 kí ó tó sú mi.

Ohun méjì ni mo rí nínú ìwé náà tí ó yí ọkàn mi padà. Àkọ́kọ́, ní ọdún 1981, bàbá àgbà kọ ọ́ pé: "Enjini atijọ ti rẹ̀. Mo ti gbe omiran si i. Ọkọ na nlọ dada." Ìlà mẹ́ta péré. Wọn kò sunkún, wọn kò béèrè bóyá ọkọ̀ náà ṣì ni tàbí kì í ṣe òun mọ́. Ẹnu ìrìn ni wọ́n wà.

Èkejì ni ojú ìwé tí ó kẹ́yìn. Ọdún 2007 ni wọ́n fi gíríìsì sí ẹsẹ̀ iwájú kẹ́yìn. Ojú ìwé tí ó kù funfun báláú.

Mo gbé ìwé náà fún bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n ṣí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n dé ibi tí ìkọ̀wé ti dáwọ́ dúró, wọ́n sì ń ṣí àwọn ojú ìwé òfìfo lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé nǹkan yóò tún yọ níbẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n ní, "Ọdún mẹ́tàdínlógún. A ń fọ ìta rẹ̀." Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé èló ni Ọ̀gá ń gbà.

Ní ọjọ́ kejì, a padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Kí bàbá mi tó sọ̀rọ̀, ó gbé àga ẹ̀yìn Ìjàpá sókè, ó nu eruku kúrò lórí irin àárín ọkọ̀, ó sì fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i hàn wọ́n. "Nọ́ńbà ṣásí nìyí, sà. Ẹ̀yìn ni ó wà. Imú ni a fẹ́ gé. A kò ní fọwọ́ kan orúkọ rẹ̀."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni rírí ẹsẹ̀ tí yóò bá a mu. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1966, Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìjánu oní-díìsì sí iwájú Ìjàpá 1500. Ìyẹn wù mí, ṣùgbọ́n bóòtù mẹ́rin ni táyà tirẹ̀ ń lò, márùn-ún sì ni tiwa. Bí a bá mú un, iwájú yóò máa lo táyà kan, ẹ̀yìn yóò máa lo òmíràn, a ó sì máa gbé táyà àfirọ́pò méjì rìn. Ìjàpá 1302 tí ó dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1970 ní ẹsẹ̀ oní-sípíríǹgì tí ó túbọ̀ jẹ́ ti òde òní, àmọ́ ara ọkọ̀ náà níwájú yàtọ̀ pátápátá; kò lè wọ tiwa. Níkẹyìn, a rí Ìjàpá 1300 ti ọdún 1967 kan nínú ọgbà ẹnìkan ní Ìbàdàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́ nínú jàǹbá, iwájú rẹ̀ sì dá ṣáká. Bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ni, bóòtù márùn-ún sì ni. Owó iṣẹ́ oṣù méjì mi lọ sí i.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń dán irú èyí wò. Ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ iwájú Ford Mustang II, tí wọ́n tà láti ọdún 1974 sí 1978, ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń fi sábẹ́ àwọn ọkọ̀ tí ó dàgbà jù ú lọ fíìfíì, nítorí pé ó kéré, ìdarí rẹ̀ sì já gaara. Ó wọ́pọ̀ débi pé àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe irú rẹ̀ ní tuntun títí di òní.

Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ gé irin nìyí. Láti àárín páìpù òkè dé àárín páìpù ìsàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 12 ni ti ẹsẹ̀ oní-kíńgípíìnì. 15 ni ti oní-bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì. Imú ṣásí tí bóòtù mẹ́rin fi ń de ẹsẹ̀ mọ́ ọkọ̀ kò ní gba èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀. Nítorí náà, imú ṣásí ti ọkọ̀ Ìbàdàn gbọ́dọ̀ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ wá.

Kí ajórin tó tan iná, Ọ̀gá ṣe ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe fi sọ́kàn. Táńkì epo Ìjàpá wà níwájú, lókè ibi tí a fẹ́ jó gan-an. Ó yọ ọ́, ó gbé e lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà kejì. Páìpù epo gba inú irin àárín ọkọ̀ kọjá lọ sẹ́yìn. Ó fa epo inú rẹ̀ gbẹ. Ó tú bátìrì lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Ó gbé garawa iyanrìn méjì sí tòsí. Ajórin náà ní òun kò ní àkókò fún gbogbo ètò yìí. Ọ̀gá ní kí ó lọ sílé nígbà náà. Ó dúró.

Wọ́n wọn ṣásí kí wọ́n tó gé e: láti ihò bóòtù iwájú ọ̀tún sí ẹ̀yìn òsì, láti iwájú òsì sí ẹ̀yìn ọ̀tún. Ìwọ̀n méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ yóò máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn. Wọ́n fi irin jó ara ọkọ̀ mú kí ó má baà yẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé imú rẹ̀. Bàbá mi jáde kúrò nínú ọgbà nígbà tí ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọ́n lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tí ń ta bọ́ọ̀lì. Mo lọ bá wọn. A kò ra nǹkan kan.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fi imú tuntun sípò, ajórin fi iná kàn án díẹ̀díẹ̀ ní ojú mẹ́rin, ó sì fẹ́ jó o parí. Bàbá mi ní kí ó dúró. Wọ́n mú téèpù, wọ́n wọn ọ̀tún sí òsì, wọ́n wọn òsì sí ọ̀tún. Mìlímítà mẹ́jọ ni ó fi yàtọ̀. Ajórin ní ìyẹn kò tó nǹkan. Bàbá mi ní, "Bí mo bá rán agbádá tí èjìká kan fi mẹ́jọ ga ju èkejì lọ, ṣé ẹ ó wọ̀ ọ́?" Ọ̀gá gba téèpù, ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó sì fi òòlù já gbogbo ojú tí a ti kàn. Wọ́n tún un tò. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dọ́gba. Láti ọjọ́ náà, "Ọ̀gá téèpù" ni wọ́n ń pe bàbá mi ní ọgbà yẹn.

Ìyókù rọrùn díẹ̀. Bóòtù mẹ́rin de ẹsẹ̀ mọ́ imú ṣásí, méjì de é mọ́ ara ọkọ̀ lókè. A ra ṣọ́kì tuntun, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tuntun mẹ́rin, àti rọ́bà ìjánu tuntun, nítorí Ọ̀gá ní ẹni tí ó bá ti ṣí inú òkú kì í fi ohun tí ó pa á sínú rẹ̀. Àpótí sítíárìn bá ẹsẹ̀ náà wá láti Ìbàdàn. Wọ́n yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi ìjánu. Wọ́n fi nọ́ọ̀tì tí ó wà lórí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì òkè tún ìdúró táyà ṣe kí ó má ṣe fì sínú tàbí sóde, lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe aláìnmẹ́ǹtì kí táyà méjèèjì lè kọjú sí ibì kan náà. Gbogbo rẹ̀ gba ọjọ́ 19.

Ọ̀nà Òdèdá lẹ́ẹ̀kan sí i

Bàbá mi ní ọ̀nà kan náà ni a ó gbà dán an wò. Èmi àti wọn nìkan ni a kọ́kọ́ lọ. Wọ́n rìn ní 40, wọ́n rìn ní 60. Ní 80, ibi tí gbígbọ̀n náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọ ọwọ́ òsì kúrò lórí sítíárìn, wọ́n fi ọ̀tún nìkan dì í mú. Ọkọ̀ náà ń lọ gbọnrangandan. A kọjá ibi tí a ti dúró ní oṣù Kejì. Kò sí ẹni tí ó mẹ́nu kàn án nínú wa.

Ṣé mo lè sọ pé nǹkan kan kò sọnù? Rárá. Ẹsẹ̀ àtijọ́ ní ìró kan, "gọ̀-gọ̀" wúwo, bí a bá gun gegele. Ìró náà wà nínú gbogbo ìrántí ìgbà èwe mi, kò sì sí mọ́. Bí ẹnìkan tí ó mọ Ìjàpá bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, yóò mọ̀ pé a ti fọwọ́ kàn án. Bí a bá fẹ́ tà á fún àwọn tí ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ, iye rẹ̀ lè dínkù. A mọ èyí kí a tó ṣe é.

Àmọ́ màmá mi wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e. Wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọn kò di ẹ̀yìn àga ẹnikẹ́ni mú. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò mi ní láti jí wọn.

Bí ọkọ̀ àtijọ́ bá wà nílé yín

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni Ìjàpá, Peugeot 504 tàbí Datsun bàbá yín ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Kí ẹ tó fi owó yín ṣòfò, ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ́.

Ẹ má wo ọ̀dà rẹ̀ kọ́kọ́. Ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ gbé irin ìdúró tí ó lágbára sábẹ́ rẹ̀, ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà mú, kí ẹ mì ín. Bí ó bá mì, ẹ má wà á lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ẹ béèrè bóyá àtúnṣe bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣeé ṣe kí ẹ tó gbà láti yí i padà. Bí páìpù wa kò bá dípẹtà, kíńgípíìnì tuntun àti gíríìsì ì bá ti tó. Ohun tí a bá gé kì í padà bọ̀ sípò.

Bí ẹ bá sì fẹ́ yí i padà, ẹ mú ẹsẹ̀ náà lódidi láti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo: apá, oríkèé, ìjánu, àpótí sítíárìn. Àdàlù ni ó máa ń pa ènìyàn. Ẹ ka iye bóòtù táyà. Ẹ wọn ṣásí kí wọ́n tó gé e, kí ẹ sì tún un wọ̀n kí wọ́n tó jó o parí. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni jórin nítòsí táńkì epo, kódà bí ó bá ní òun ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù: ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá ṣe sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ àtijọ́ náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Bàbá mi fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e sí igun ṣọ́ọ̀bù wọn, lábẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí a gbé ọkọ̀ délé, mo lọ síbẹ̀ mo sì bá ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn dúdú náà lórí tábìlì. Lórí ojú ìwé òfìfo àkọ́kọ́ tí ó tẹ̀lé ti ọdún 2007, wọ́n ti kọ ìlà mẹ́ta: "Ẹsẹ iwaju atijọ ti rẹ̀. A ti fi omiran si i. Girisi inu paipu, oṣu kẹsan."

Ọmọ ẹ̀yìn àkọtọ́ tuntun ni mí. Mo ti mú bírò láti fi àmì ohùn sí i. Mo dá a padà sínú àpò mi. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án dé, èmi ni mo gbé ìbọn gíríìsì wọ abẹ́ Ìjàpá.